Má Tíì Da Ẹṣin Òkun Tuntun Mọ́ Ti Àtijọ́

Ẹ̀yìn Gáréèjì, Òrè.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bọ́sẹ̀, ọma mi,

Bí ọwọ́ rẹ bá ti wà lára bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, gbé e kúrò ná. Jókòó, ka ìwé yìí tán. Ìkíni ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó dáa. Ẹ kú ilé o. Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Bàbá oníkùn ńlá tó wà nínú gíláàsì ńkọ́, ṣé kò tíì bí? Títí dòní, bí mo bá sọ fún àwọn awakọ̀ ní gáréèjì pé akọ ló ń lóyún nínú ẹṣin òkun, wọ́n á ní kí n lọ mu omi tútù. Ọ̀kan tiẹ̀ ní òun ò fẹ́ kí ìyàwó òun gbọ́.

Mo mọ̀ pé a ti sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n fóònù ò mú ọ̀rọ̀ dání. Mò ń sọ̀rọ̀, ò ń ṣe “hín, hín,” mo sì ń gbọ́ ohùn ìyá ọkọ rẹ lẹ́yìn rẹ: “Dà wọ́n pọ̀ jàre, ṣebí ẹbí kan náà ni wọ́n!” Òdígbó ò jìnnà. Bí mo bá gun ọ̀kadà, màá débẹ̀ kí omi tí ìyá rẹ gbé kaná tó hó. Ṣùgbọ́n o mọ bí ọ̀rọ̀ ilé wa ṣe rí. Bàbá ìyàwó tó bá ń yọjú sílé ọkọ ọmọ rẹ̀ nígbà tí ìyàwó ò tíì tú ẹrù tán, wọ́n á ní oúnjẹ ló ń wá. Ìyá rẹ ní kì í ṣe irọ́ ni wọ́n máa pa. Nítorí náà mo mú pẹ́ńsù. Pẹ́ńsù ni mo mú kí n lè pa ohun tí ìyá rẹ kò bá fẹ́ rẹ́. Ilé ìwé ò mọ̀ mí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi kọ́ ìwé kíkà, ìdí nìyẹn tí àwọn gbólóhùn mi míì fi máa ń fẹ́ parí sí Àmín.

Jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Dọ̀tun ọkọ rẹ lọ ra pákó ní Igbókòdá. Ó rí ẹṣin òkun mẹ́rin tó há sínú àwọ̀n àwọn tó ń pa edé, wọ́n fẹ́ sá wọn sóòrùn. Ó rántí ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, ó gbé wọn wálé nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì di bọ́kẹ́ẹ̀tì náà mú títí dé Òdígbó. Ọkọ gidi nìyẹn. Èmi, nígbà tí mo bá lọ sí Igbókòdá, ẹja gbígbẹ ni mo máa ń rà fún ìyá rẹ, màá sì ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó dé Òkìtìpupa.

Wàyí o, ìwọ ní méjì nínú gíláàsì tí mo fi ṣe ẹ̀bùn fún ọ nígbà tí ò ń lọ sílé ọkọ, akọ ibẹ̀ sì ti fẹ́ bí. Ìyá ọkọ rẹ ní kí o da àwọn tuntun sí i, pé èèyàn kì í fi àlejò sí kọ̀rọ̀. Nígbà tí o dákẹ́, ó wò ọ́ bí ẹni pé lẹ́yìn ẹja, àwọn èèyàn òun ló kàn tó o máa yà sọ́tọ̀. O wá ń bi mí pé kí lo máa ṣe.

Yà wọ́n sọ́tọ̀, Bọ́sẹ̀. Bí o bá dà wọ́n pọ̀, ó ṣeé ṣe kí bàbá oníkùn yẹn kú pẹ̀lú gbogbo ọmọ inú rẹ̀. Bí o bá yà wọ́n sọ́tọ̀ láìmọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìyá ọkọ rẹ á máa rántí rẹ̀ títí ọmọ rẹ á fi wọ ilé ìwé. Méjèèjì ni mo fẹ́ kí o bọ́ nínú rẹ̀.

Bí èmi ṣe bá ẹ̀dá yìí pàdé, o ti gbọ́ ọ rí, àmọ́ ìyá rẹ ló máa ń sọ ọ́, ó sì máa ń fo ibi tó ti pariwo.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà nígbà yẹn, láti Òrè lọ sí Igbókòdá. A ò tíì bí ọ. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo èrò ti sọ̀ tán, mo rí kẹ́ẹ̀gì kan lábẹ́ àga ẹ̀yìn, wọ́n ti gé orí rẹ̀, wọ́n fi náílọ́ọ̀nù bò ó. Mo dúró títí, olúwa rẹ̀ ò padà wá. Mo rò pé edé ni, mo ṣí i.

Ọma mi, wọ́n dúró lóòró nínú omi bí èèyàn tó ń retí mọ́tò. Orí ẹṣin, ìrù ọ̀bọ, ikùn bíi ti baálẹ̀. Ìyẹ́ kékeré kan lẹ́yìn wọn ń gbọ̀n bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi ń fẹ́ ọmọ tó sùn. Ọ̀kan fi ojú kan wò mí, ó fi ojú kejì wo nǹkan míì, bí ẹni pé èmi nìkan ò tó wò. Ariwo gáréèjì bá lọ kúrò létí mi. Agbèrò ń pe Òkìtìpupa, mò ń gbọ́ ọ bí ẹni pé abẹ́ omi ló ti ń pè é. Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ti gba ipò mi nínú tọ́ọ̀nù, ọkọ̀ míì ti ń kó èrò.

Ìyá rẹ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ ò ní gbé nǹkan yẹn wọlé yìí o!”

“Ẹja ni.”

“Ẹja wo ló ní orí ẹṣin?”

“Èyí tó wù ú.”

Ó ránṣẹ́ pe Ìyá Àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìyá Àdúrà wọ aṣọ funfun dé, láìwọ bàtà, ó mú agogo lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kẹ́ẹ̀gì náà, ó wò ó, ó wò ó. Gbogbo wa ń retí ohun tí ẹ̀mí máa sọ. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, “Ó jọ pé ebi ń pa wọ́n.”

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ nìyẹn, Bọ́sẹ̀. Kí o tó máa bẹ̀rù nǹkan, kọ́kọ́ wò ó bóyá ebi ló ń pa á.

Àmọ́ omi ló yẹ kí n fi ṣáájú. Omi inú kẹ́ẹ̀gì yẹn ti ń rùn, Òrè ò sì ní òkun. O mọ̀ pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń ránni lọ bu omi òkun wá fún àdúrà, ó máa ń wà nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ilé Ìyá Àdúrà. Mo bẹ̀ ẹ́, ó bu ún fún mi tìfẹ́tìfẹ́. Mo da àwọn ẹṣin sínú rẹ̀. Ilé ń ta sánsán. Mo ní, omi òkun mà ń ta sánsán o, abájọ tí àwọn Ìlàjẹ ò fi fẹ́ kúrò níbẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo wọn ti dùbúlẹ̀, àyà wọn ń lọ sókè sódò. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣì di igi tí mo fi sí i mú, òun nìkan ló sì yè.

Mo sáré padà. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, omi tí ẹ ò tíì gbàdúrà sí ni mo fẹ́.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Awakọ̀, láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ Olúwa, mi ò tíì rí ẹni tó wá bẹ̀ mí pé kí n má gbàdúrà.”

“Ẹja ni, Ìyá.”

“Ṣé ẹja ò fẹ́ ìbùkún ni?”

“Ó fẹ́ ìbùkún, Ìyá. Lọ́fínńdà ni kò fẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ìdérí dúrọ́ọ̀mù. Lọ́fínńdà náà ni wọ́n máa ń dà sí i kí wọ́n tó gbàdúrà, èmi ò sì bi í. Láti ọjọ́ yẹn ni dúrọ́ọ̀mù kan ti wà lọ́tọ̀ fún mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gba ipò rẹ̀ báyìí, kò sì tíì yí i padà. Inú rẹ̀ ni mo ti bu omi tó ń tẹ̀lé ìwé yìí bọ̀.

Nítorí náà: má gba omi òkun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìbi í ohun tó ti fi ṣe. Má sì dà á sínú kẹ́ẹ̀gì ilé yín. Kò sí kẹ́ẹ̀gì kan ní Òdígbó tí epo pupa ò tíì sùn nínú rẹ̀ rí. O lè fi eérú fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ rẹ á fi bó, epo á ṣì tàn sójú omi bí òṣùmàrè, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á ti máa jà fún èémí. Bẹ́ẹ̀ ni o ò gbọdọ̀ po iyọ̀ ìsebẹ̀ mọ́ omi kànga. Mo dán an wò. Ohun tí mo rí ni ọbẹ̀ tí kò ní ata.

Bí omi mi bá dé, wá báàfù ńlá tí ọṣẹ ò kàn rí. Gbé e síbi tí oòrùn fèrèsé ò ti ní bá a, tó jìnnà sí gíláàsì àwọn àtijọ́, kí omi má baà máa ta láti ọ̀kan sí èkejì. Ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi, mo fi sínú àpò tó ń bá omi bọ̀. Jẹ́ kó rọra máa hó. Wọn ò mọ omi líle í bá jà, orúkọ lásán ni ẹṣin tí wọ́n ń jẹ́. Má da àwọn àlejò sínú omi tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Fi ife bu díẹ̀ lára omi tuntun sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, lọ ṣe iṣẹ́ ilé díẹ̀, padà wá bu díẹ̀ sí i. Ara wọn á mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀. Tó o bá wá fẹ́ gbé wọn, ri ife sínú omi, kí wọ́n wọ inú rẹ̀ fúnra wọn. Má gbé wọn sí afẹ́fẹ́, pàápàá akọ. Afẹ́fẹ́ lè wọ inú àpò ọmọ rẹ̀, ìdí rẹ̀ á wá máa léfòó bíi bọ́ọ̀lù. Mo ti rí i. Èèyàn fẹ́ rẹ́rìn-ín, èèyàn fẹ́ sunkún. Omi bọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ṣẹ́kù, dà á sí ìta.

Kí o sì fún wọn ní nǹkan tí ìrù wọn máa dì mú. Igi tẹ́ẹ́rẹ́, okùn oníke, ohunkóhun. Mo máa ń jókòó wò wọ́n bí òjò bá ń rọ̀ ní ọ̀sán báyìí. Ẹni tí wọ́n fà yọ láti inú òkun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbi tó wà. Bó bá ti rí igi kan báyìí, tó fi ìrù rọra wé e, wàá rí i tí ojú rẹ̀ méjèèjì máa kọ́kọ́ wo ọ̀nà kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí ọ lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọ lọ. O di ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò mú. Ìwọ náà, wá nǹkan tí wàá dì mú nínú ilé yẹn. Mi ò sọ pé o ní ìrù o. Ìyá rẹ ní kí n pa ìyẹn rẹ́, mo ní pẹ́ńsù ò ní ìparẹ́ mọ́.

Oorun tiẹ̀ gbé mi lọ lẹ́yìn tí mo kọ ìyẹn. Mo rí bọ́ọ̀sì mi àtijọ́, abẹ́ òkun ni mo ti ń wà á. Igi kòkó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn ewé rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn bí ìgbà tí èèyàn ń juwọ́. Gbogbo èrò inú ọkọ̀ jẹ́ ẹṣin òkun, wọ́n fi ìrù di irin àga mú, kò sí ẹni tó pariwo, kò sí ẹni tó ní kí n máa rọra. Mò ń bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin èrò mi, níbo lẹ ti máa sọ̀?” Wọ́n ń wò mí pẹ̀lú ojú kọ̀ọ̀kan. Mo wà á títí, omi náà funfun, ó mọ́lẹ̀, mo rò pé ìlú Omífunfun la ti dé. Ìyá rẹ ló jí mi, ó ní mo ti ń da itọ́ sórí ìwé. Bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣú, itọ́ ni.

Ibo ni mo dé? Oúnjẹ.

Ẹṣin òkun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nínú òkun kì í jẹ òkú nǹkan. Èmi ò mọ̀. Mo fún èyí tó ṣẹ́kù yẹn ní gaàrí. Mo fún un ní búrẹ́dì. Mo lọ edé gbígbẹ, mo bù ú sí i. Ó ń wò mí bí ọmọ ọlọ́jà ṣe ń wo ẹni tó ń ná ọjà tí kò fẹ́ rà. Ẹnu wọn bíi fèrè, ohun tó bá ń mira ni wọ́n ń fà mu. Wọn ò sì ní ikùn tó ń tọ́jú oúnjẹ. Ohun tí wọ́n jẹ á kọjá lọ bí ọkọ̀ tí kò ya gáréèjì. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, bí ẹni ń tọ́ ọmọ jòjòló.

Ohun tó gbà mí sílẹ̀ ni tanwíjí. O mọ̀ ọ́n, ọmọ ẹ̀fọn tó máa ń jó nínú omi òjò. Mo kó táyà àtijọ́ sẹ́yìnkùlé, omi òjò kún inú rẹ̀, tanwíjí pọ̀ bí èrò ọjọ́ ọjà. Ẹṣin mi ń jẹun, ó ń sanra. Ni wolé-wolé bá dé.

“Bàbá, kí lẹ̀ ń sìn nínú táyà yìí?”

“Oúnjẹ ni, ọ̀gá.”

“Oúnjẹ ta ni?”

“Ti ẹṣin.”

Ó wo àgbàlá yíká. “Ẹṣin ọ̀hún dà?”

“Ó wà ní pálọ̀, nínú gíláàsì.”

Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi ìyá rẹ bóyá ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe báyìí. Ìyá rẹ ní láti ìgbà tí òun ti fẹ́ mi ni. Ó wọlé láti wá wo ìwà wèrè mi. Ó rí i. Ó bọ́ fìlà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ní pálọ̀ mi, pẹ̀lú ṣòkòtò kákí tí wọ́n ti lọ̀, ó ń wò ó. Ẹnìkejì rẹ̀ tó dúró síta ló wá a wá, òun náà sì jókòó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, ó ní dandan ni kí n da omi táyà nù, kí n máa fi àwọ̀n bo ohun tí mo bá tún pọn. Òótọ́ ló sọ. Mo fi aṣọ sẹ́ tanwíjí yẹn fún ẹṣin, mo da omi nù. Ìwọ náà, fi àwọ̀n bò ó, kí ilé ọkọ rẹ má baà sọ pé ìwọ lo kó ibà wá.

Tanwíjí kì í pẹ́ kú nínú omi iyọ̀, ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ ni kí o fi sí i. Edé wẹ́wẹ́ tó wà láàyè ló dára jù. Mo ti sọ fún àwọn tó ń ti Igbókòdá bọ̀, wọ́n á máa gbé e wá fún ọ nínú ike. Tí wọ́n bá ti ń jẹ òòyè dáadáa, wàá wá máa fi òkú edé kékeré kan sáàárín àwọn tó ń fò. Ọ̀kan á ṣèèṣì jẹ ẹ́. Ó máa tu ú jáde. Má bínú. Ọjọ́ míì, kò ní tu ú mọ́. Ohun tí wọn ò bá jẹ, fà á jáde kí ó tó rà.

Nísinsìnyí, ìyà tó jẹ wá jù.

Nígbà tí ìwọ ń rá kòrò, mo ti ní àwọn tó dára nínú gíláàsì, wọ́n mọ ohùn mi, tàbí kí n máa tan ara mi. Apẹja kan fi nǹkan kan tó dà bíi wúrà ránṣẹ́ sí mi, bí a ṣe rí i nìyẹn, ẹṣin òkun tó pọ́n yòò bí ọsàn tó gbó. Mo ní kí n fi sínú báàfù lẹ́yìnkùlé fún ìgbà díẹ̀ ná. Ìyá rẹ ní, “Ẹ̀yìnkùlé kẹ̀? Ṣé bí wọ́n ṣe ń gba àlejò nílé yín nìyẹn? Ẹni tó ti òkun wá?” Ó tì mí lójú. Ọmọ Ìkálẹ̀ tí wọ́n bá bi bóyá ó mọ àlejò gbà, ó parí. Mo gbé e wọlé, mo dà á sáàárín wọn. Wọ́n yí i ká, wọ́n fi ìrù kọ́ ìrù. Ìyá rẹ pàtẹ́wọ́. Mo tiẹ̀ lọ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò. A fi àga sí iwájú gíláàsì bí ẹni ń wo ìgbéyàwó.

Lẹ́yìn náà ni funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára wọn, bí ìgbà tí èlùbọ́ bá ta síni lára. Mo tú kápúsù pupa àti yẹ́lò tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì sínú omi, omi pọ́n bí omi ìsápá, mi ò rí ẹja mọ́, mo sì gbà pé wọ́n ti ń gbádùn. Wọ́n kú níkọ̀ọ̀kan. Ìwọ máa ń na ìka sí gíláàsì, wàá ní, “Ó ti sùn.”

Àlejò yẹn ò kú, Bọ́sẹ̀. Onílé ló kú. Ó ti bá àrùn yẹn gbé láti inú òkun, ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Ó wà láàyè pẹ́ lẹ́yìn wọn, òun nìkan, lórí igi kan, ó ń wo ibi gbogbo pẹ̀lú ojú kọ̀ọ̀kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o yà wọ́n sọ́tọ̀. Jẹ́ kí òṣùpá lé, kí ó wọ̀, kí òmíràn tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ife wọn lọ́tọ̀, àwọ̀n wọn lọ́tọ̀. Àwọn àtijọ́ ni kí o máa kọ́kọ́ bọ́, kí o tó lọ bá àwọn tuntun. Má ti ọ̀dọ̀ àwọn tuntun padà sọ́dọ̀ àwọn àtijọ́ láìfọ ọwọ́ rẹ títí dé ìgúnpá, kí o sì ṣan ọṣẹ kúrò dáadáa. Máa wo èémí wọn bóyá ó ń yára. Máa wo ara wọn bóyá funfun wà níbẹ̀, máa wo ṣóńṣó ìrù bóyá ó ń pọ́n. Èyí tí kò bá fẹ́ di igi mú, tàbí tó ń léfòó, pè mí. Má lọ sí kẹ́míìsì. Ẹni tó wà ní kẹ́míìsì á bi ọ́ pé ọmọ ọdún mélòó ni.

Ó ku ìyá ọkọ rẹ. Gbọ́ mi dáadáa níbí.

Má sọ fún un pé àwọn tuntun lè ní àrùn. Ọmọ rẹ̀ ló gbé wọn wá, etí rẹ̀ á gbọ́ ọ bí ẹni pé o ní ọmọ òun kó àrùn wálé. Má sì jẹ́ kí Dọ̀tun rò pé ẹ̀bùn rẹ̀ ti di wàhálà. Kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lójú ìyá rẹ̀, kí o dúpẹ́ débi tí ojú á ti í.

Lẹ́yìn náà, kúnlẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá. Rántí pé tí obìnrin bá bímọ nílẹ̀ wa, yàrá ni òun àti ọmọ rẹ̀ máa wà títí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Gbogbo ayé kọ́ ló máa wọlé tọ̀ wọ́n. Wọ́n á gbé omi gbígbóná lọ bá wọn, wọ́n á gbé ọbẹ̀ lọ bá wọn, ẹnu ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ èèyàn á ti kí wọn. Kò sí ẹni tó ní wọ́n fi ìyá ọlọ́mọ sí kọ̀rọ̀. Iyì ni. Sọ bẹ́ẹ̀ fún un: “Ìyá, yàrá ọlọ́mọ ni mo fi àwọn àlejò yín sí. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá, ara wọn ò tíì balẹ̀. Tó bá dọjọ́ tí wọ́n máa jáde, ẹ̀yin lẹ máa sọ wọ́n lórúkọ.”

Kí o wá gbé ike tanwíjí lé e lọ́wọ́. “Ìyá, ẹ bá mi máa bọ́ wọn.” Má bá a bọ́ wọn o. Fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un pátápátá, kí ìwọ máa bójú tó àwọn àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ tó bọ́ àwọn tuntun kò ní kan omi àwọn àtijọ́ mọ́. Wọ́n á máa wò ó pẹ̀lú ojú kọ̀ọ̀kan, òun náà á máa wò wọ́n, tó bá sì ti jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ tán. Òun ló máa lé ọ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ báàfù. Ìyá rẹ ní tó o bá ń kúnlẹ̀, kúnlẹ̀ dáadáa, kì í ṣe bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀.

Ọlọ́kadà ti dé o, ó ń fọn fèrè. Mo ti so kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀.

Bọ́sẹ̀, bí ìwé yìí bá bá ọ lẹ́yìn tó o ti dà wọ́n pọ̀, má bú ẹnikẹ́ni, má sì sunkún pè mí. Ohun tó ti dà pọ̀ ti dà pọ̀. Má máa fi àwọ̀n lé wọn káàkiri, ìpayà ń pa wọ́n ju àrùn lọ. Ka gbogbo wọn sí ọlọ́mọ tuntun, bọ́ wọn dáadáa, máa wò wọ́n. Bí bàbá oníkùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í bí, àwọn ọmọ á máa tú jáde bí eruku nínú ìtànṣán oòrùn, wọ́n kéré, wọ́n sì ti dúró lóòró. Fi ife bù wọ́n kíákíá lọ sínú omi mi tó mọ́, kí o sì pe ìyá ọkọ rẹ pé kó wá bá ọ di ife kejì mú.

Ṣùgbọ́n bí o kò bá tíì dà wọ́n, ki ọwọ́ kan bọ inú kẹ́ẹ̀gì mi, ki èkejì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀kan bá tutù ju èkejì lọ, gbé méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí o dúró títí wọ́n á fi rí bákan náà. Kò sẹ́ni tó ń lé yín.

Èmi ni, bàbá rẹ.